Wọ́n Ní Kí N Wá Ṣe Ìyá Ọlọ́fọ̀ fún Àwọn Àlùfáà Ológun

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pásítọ̀ ilé ìwòsàn ni mí ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jókòó ti aláìsàn àti ẹbí wọn. Àlùfáà ológun kan, lára àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ tí wọ́n kàn ń péjọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù, bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun kọ́ àwọn àlùfáà tuntun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn ní Sátidé mẹ́ta. Ó ní màá ṣe ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sógun, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ á wá túfọ̀ fún mi, lẹ́yìn náà màá sọ ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa àti ibi tó kù sí. Mi ò ṣe sójà rí. Ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ yẹn tilẹ̀ sọ fún mi pé òun kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, síbẹ̀ òun ni ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àlùfáà ò ní. Ó rú mi lójú. Ọkọ mi sì ní kò dáa kí n fi ẹnu ara mi sọ pé ọmọ mi kú, pé àṣẹ wà lẹ́nu. Kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn gan-an? Ṣé kí n lọ?

Ìdáhùn: Ẹ lọ. Ẹ pè mí ní ẹ̀gbọ́n, mo gbà, ṣùgbọ́n pásítọ̀ ni yín, nítorí náà "ẹ" ni màá máa bá yín sọ. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe sójà Amẹ́ríkà, mo sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe olùrànlọ́wọ́ àlùfáà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì máa ń pè mí kí n wá bá wọn lù ú mọ́ àwọn tuntun lórí. Mo ti rí àwọn tí kì í ṣe sójà tó wá ràn wá lọ́wọ́ bíi tiyín. Àwọn kan wúlò ju àwa sójà lọ. Àwọn kan wá wàásù, a dúpẹ́, a sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀.

Gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè yín tí màá fẹ́ kí a kọ́kọ́ tún ṣe: "àwọn àlùfáà àti àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn". Ó dún bí ẹrù àti òṣùká. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń rò ó nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ àlùfáà tuntun pàápàá ṣe ń rò ó nìyẹn nígbà tí wọ́n bá dé. Nínú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, bàtálíọ̀nù kan, ìyẹn sójà bí ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀rin nígbà mìíràn, àlùfáà kan àti olùrànlọ́wọ́ kan ló sábà ń ní. Àwọn méjèèjì ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tó ń rí sí ọ̀ràn ẹ̀sìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa kọ́ wọn, òun rèé: kí àwọn méjèèjì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ kan. Àlùfáà ti mọ àdúrà kó tó dé, ọmọkùnrin yẹn sì ti mọ ìbọn. Bí wọ́n ṣe máa wo ojú ara wọn ni wọn ò mọ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn ọ̀gá pàápàá tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1775 ni ìgbìmọ̀ tó ń darí ogun òmìnira Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí owó oṣù fún àlùfáà ológun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1909 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n yan sójà kan ti àlùfáà kó máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 134. Ní gbogbo àsìkò yẹn, sójà tó bá ṣáà wà nítòsí ni àlùfáà ń bẹ̀ kó bá òun gbé àga. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ológun náà ò tíì sí; oṣù Kẹta ọdún 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni wọ́n ṣí i ní Fort Monroe ní Virginia. Ó ṣí kiri bí ìgbín tó ru ilé rẹ̀, títí ó fi dé Fort Jackson ní ọdún 1996, ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀.

Níbẹ̀ ni àlùfáà ti ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjìlá. Kó tó débẹ̀, ó ti gba oyè kejì ní yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ ìsìn, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí i pé tiwọn ni. Olùrànlọ́wọ́ yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ sójà gidi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kó tó kọ́ iṣẹ́ yìí fún bí ọ̀sẹ̀ méje. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ wá mú ẹni ogójì ọdún tó ti ṣe pásítọ̀ tàbí rábì tàbí ìmáàmù ní ilé rẹ̀, tí gbogbo ìjọ ń dìde fún, ẹ so ó pọ̀ mọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, ẹ ní kí wọ́n jọ lọ sójú ogun. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọ̀rọ̀ ìbọn tó rú yín lójú kò ṣòro. Àdéhùn Geneva ti ọdún 1949 ló dáàbò bo àlùfáà: ọ̀tá ò gbọ́dọ̀ dojú ìbọn kọ ọ́, bí wọ́n bá sì mú un, wọn kì í kà á sí ẹlẹ́wọ̀n ogun. Wọ́n lè dá a dúró kó lè máa tọ́jú àwọn èèyàn tirẹ̀ tí wọ́n mú. Òfin ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi tirẹ̀ kún un pé àlùfáà ò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà rárá. Olùrànlọ́wọ́ kò sí lábẹ́ agboorùn yẹn. Sójà bíi sójà ni, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí àlùfáà rẹ̀ padà wálé láàyè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n àlùfáà tó kúnlẹ̀ ti ẹni tó ń kú lọ ò lè ṣọ́ orí ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń bá a ṣọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nínú igbó ahóyaya kan, lórí iyanrìn, oòrùn mú gan-an. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó dàgbà sí Texas ni olùrànlọ́wọ́, òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni àlùfáà, kápúténì ni. Iṣẹ́ tí a gbé fún wọn ni pé kí wọ́n rìn gba ọ̀nà kan lọ bẹ ẹni tó fara pa wò. Bí wọ́n ṣe dé agbede méjì, a yin ìbọn tí kò ní ọta nínú. Ohun tó yẹ kí ọmọ yìí ṣe ni kó ké pé "Dọ̀bálẹ̀!" kó sì ti àlùfáà mọ́lẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó yíjú sí i, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá lè..." Kó tó parí rẹ̀, olùkọ́ ti fọwọ́ kan àlùfáà léjìká: "O ti kú." A tún un ṣe. Ó tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "sà". Àlùfáà tún kú.

Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi èdè wa bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀wọ̀? Ó ní màmá àgbà òun. Mo ní, bí màmá àgbà bá ń sọdá títì tí mọ́tò ń bọ̀, ṣé wàá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i ni? Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, ó di àlùfáà mú ní ọrùn ẹ̀wù, ó wọ́ ọ bí àpò gààrí sẹ́yìn igi. Ó ṣe é dáadáa débi pé a pàtẹ́wọ́. Bí a ṣe ní ó parí báyìí, ó lọ dúró síwájú bàbá yẹn, ó sì na gbọọrọ sílẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Àlùfáà ò mọ ìdọ̀bálẹ̀. Ó rò pé ìbọn mìíràn ló ń bọ̀, òun náà bá ju ara rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì dojú bolẹ̀ síwájú ara wọn nínú iyanrìn, a rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wa.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn àlùfáà tuntun pé ọwọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ yìí ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kékeré ò ní í já ọ gbà bí o ò bá ti sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé, "Lọ́jọ́ tí nǹkan bá le, ìwọ ni ọ̀gá mi." Ẹ bi wọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́ bóyá wọ́n ti bá ara wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká dé orí ipò tiyín, ipò ìyá.

Nílé wa, ẹni tó fẹ́ túfọ̀ kì í dá wá. Àwọn àgbà á kó ara wọn jọ, wọ́n á wọlé bí ẹni pé wọ́n kàn yà. Wọ́n á tọrọ omi. Wọ́n á ní kí ìyá jókòó. Wọ́n á ní ara ọmọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ le, pé ó wà ní ọsibítù. Nígbà tí ẹnì kan á fi sọ pé "ẹ mọ́kàn le", ìyá ti gbọ́ ọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, èmi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun Amẹ́ríkà kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì ló ń lọ sílé, wọ́n á wọ aṣọ ẹ̀yẹ ológun, láàárín aago márùn-ún ìdájí sí aago méjìlá òru, wọn kì í fi fóònù sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n yàn láti sọ ọ̀rọ̀ náà, èkejì sì sábà máa ń jẹ́ àlùfáà. Bí ìyá bá ti ṣílẹ̀kùn tí wọ́n sì ti rí i dájú pé òun ni, ọ̀rọ̀ náà á jáde ní gbólóhùn kan tàbí méjì: orúkọ ọmọ, pé ó kú, ibi tó kú sí, ọjọ́ tó kú, àti ìkẹ́dùn ìjọba.

"Ó kú" ni wọ́n á sọ. Wọn ò ní sọ pé ó ti lọ sinmi, wọn ò ní sọ pé a pàdánù rẹ̀. Ìyá tó bá gbọ́ pé wọ́n pàdánù ọmọ òun á ní kí wọ́n lọ wá a. Mo mọ̀ pé ó máa dún yín létí bí ìgbà tí èèyàn la igi mọ́ni lórí. Ó dun èmi náà. Lẹ́yìn tí mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, mo gbà pé fún ilé tí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tí kò sí ẹbí nítòsí, tí kò sí àgbà tó ń tọrọ omi, ọ̀rọ̀ tó lọ tààrà ló ń ṣàánú jù.

Ẹ kíyè sí i pé àlùfáà kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà. Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀? Èyí ni ọmọ ẹ̀kọ́ kì í mọ̀, èyí sì ni ẹ máa kọ́ wọn, nítorí ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ẹ ti ń ṣe é. Àlùfáà tuntun ò lè fara da ìdákẹ́jẹ́. Ìyá á pariwo, á dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà á gùn, ọwọ́ àlùfáà á sì lọ sí àpò Bíbélì. Ó ti fẹ́ sọ pé Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run náà ló gbà á. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́. Kí ẹ sì jẹ́ kó rí ohun tó ń ṣe lójú yín. Ẹ wá rán an létí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù: ọjọ́ méje òru méje ni wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ìwé náà. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́.

Àwa ọmọ Yorùbá ní ìṣòro tiwa níbẹ̀. A ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á tù yín nínú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. A lè kí ọlọ́fọ̀ fún wákàtí kan láìtún ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti rí àlùfáà ọmọ wa kan tó ń tú gbogbo ìwọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ọ̀lọ̀bọ̀ọ̀lọ̀ níwájú obìnrin òyìnbó kan, obìnrin náà sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo rédíò.

Àwọn nǹkan kéékèèké ni kí ẹ máa wò. Ẹsẹ̀ àlùfáà ńkọ́, ṣé ọ̀nà ilẹ̀kùn ló kọjú sí? Ṣé ó ń wo aago? Bí ìyá bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣé ó dúró lórí rẹ̀ bí ọlọ́pàá? Ṣé ó fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ó fẹ́ ṣubú? A máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kó ọwọ́ wọn sọ́dọ̀, nítorí àwọn kan á dì mọ́ ọ, àwọn kan á gbá ọ létí. Ṣé ó bèèrè ẹni tí ìyá fẹ́ kó pè? Ìbéèrè yẹn tó àdúrà mẹ́ta. Bí ìyá bá sì ní òun fẹ́ àdúrà, ẹ jẹ́ kó gbà á ṣókí. Mo máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú kan, mo sì ń ka aago.

Olùrànlọ́wọ́ kì í sábà wọlé nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdánrawò, ẹ ní kí òun ló wa ọkọ̀. Àlùfáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ọlọ́fọ̀ ò yẹ lẹ́ni tó ń di ìdarí ọkọ̀ mú. Ọmọ tó jókòó sídìí ọkọ̀ ló máa rí ojú rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́, òun ló máa mọ̀ bóyá ọ̀gá òun jẹun lọ́jọ́ náà, bóyá ó sùn. Wọ́n ń kọ́ àlùfáà láti tọ́jú ẹgbẹ̀rin èèyàn. Àlùfáà náà ńkọ́? Bí olùrànlọ́wọ́ kò bá lè sọ fún un pé "Sà, ẹ ò sùn láti ijẹta", kò sí ẹlòmíràn tó máa sọ ọ́.

Olùrànlọ́wọ́ yìí kan náà ló ń to ètò ìrántí tí bàtálíọ̀nù ń ṣe fún ẹni tó kú. Bàtà sójà méjì, ìbọn tí wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ kọ ilẹ̀, akoto lórí rẹ̀, àmì irin tó máa ń wà lọ́rùn sójà á rọ̀ sí i. Sájẹ́ǹtì àgbà á pe orúkọ àwọn sójà kan tó wà níjòókòó, wọ́n á jẹ́ ẹ. Á wá pe orúkọ olóògbé. Kò sí ìdáhùn. Á tún un pè. Á pè é nígbà kẹta pẹ̀lú gbogbo orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbọn á dún, tí fèrè á sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé wọ́n ń pe òkú lẹ́ẹ̀mẹta, orí rẹ̀ á wú, tèmi wú. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn ṣeré nínú ìdánrawò, kí wọ́n máa tún un ṣe bí eré orí ìtàgé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kó sì tó.

Ọ̀rọ̀ àṣírí wá kù. Ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi Sátidé kejì ṣe, nítorí níbẹ̀ ni ilé ìwòsàn àti bárékè ti yàtọ̀ síra. Ohun tí sójà bá fi sí etí àlùfáà, àlùfáà ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé sójà náà yọ̀ǹda. Ọ̀gá àgbà ò lè fi ipá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ilé ẹjọ́ ológun náà ò lè gbà á. Dókítà ológun ní ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀, àlùfáà kò ní. Olùrànlọ́wọ́ tó wà níbẹ̀ lórí iṣẹ́, tó gbọ́ ọ, tàbí tó rí orúkọ nínú ìwé àlùfáà, inú awo náà ló wà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ń sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń wá sọ̀rọ̀. Ẹ rí bó ṣe wúwo tó?

Gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ ló máa bi yín pé, bí sójà bá ní òun fẹ́ pa ara òun ńkọ́? Ẹ má sáré dáhùn. Àlùfáà ò lè lọ tú u síta lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó fi í sílẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni àwọn sójà fi ń rántí rẹ̀, ACE (Ask, Care, Escort): bi í léèrè, tọ́jú rẹ̀, sìn ín dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n bi í gbangba, "Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?" Nínú èdè wa, a kì í fẹ́ dárúkọ ẹ̀, a rò pé ẹni tí a bá dárúkọ rẹ̀ fún ló máa ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń rò ó láti ọjọ́ pípẹ́ á mí kanlẹ̀ pé ẹnì kan ti bá òun sọ ọ́. Kí wọ́n wá jókòó tì í títí, di òru, di ìdájí ọjọ́ kejì bó bá gba bẹ́ẹ̀, títí òun fúnra rẹ̀ á fi gbà kí wọ́n jọ lọ. Ibi tí olùrànlọ́wọ́ ti wúlò jù nìyí: ó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ìbọn, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó dà bí ìjà. Àlùfáà ò lè ṣe ìyẹn.

Ẹ ní ọmọ kan sọ fún yín pé òun kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí òfin tó ní kí olùrànlọ́wọ́ jẹ́ onígbàgbọ́. Ohun tí wọ́n ń bi í ni bóyá ó lè tọ́jú ẹ̀sìn ẹlòmíràn bí ẹyin. Ní Nàìjíríà, ọmọ ogun ní àlùfáà Pùròtẹ́sítáǹtì, ó ní ti Kátólíìkì, ó ní ìmáàmù, kálukú pẹ̀lú ẹ̀ka tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àlùfáà kan tí bàtálíọ̀nù ní ló máa rí sí ti gbogbo wọn. Onítẹ̀bọmi ò ní í ṣe Máàsì, ìmáàmù ò ní í pín ara Olúwa. Ohun tí ẹ̀sìn rẹ kò bá gbà, o ò ní í ṣe é, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa ṣe é. Kí sójà Júù rí oúnjẹ tó bá òfin rẹ̀ mu. Kí Mùsùlùmí mọ apá ibi tó máa kọjú sí bó bá ń kírun, kí àyè sì wà fún ẹní rẹ̀. Ọmọ tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lè ṣe ìyẹn láìsí pé ọkàn rẹ̀ ń fà sí ibì kan. Mo mọ àwọn olùfọkànsìn tí kò lè ṣe é.

Ibi tí ọmọ Yorùbá ti ní oore díẹ̀ nìyí. Ilé tí ẹ̀gbọ́n ti ń kírun tí àbúrò ń kọrin nínú kọ́áyà, tí gbogbo wọn jọ ń jẹ ẹran Iléyá, kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀rọ̀ náà "àlùfáà" pàápàá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni ó ti wá kí Kìrìsìtẹ́nì tó gbà á lò, kò sì sẹ́ni tó bínú. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún wọn bí ààyè bá wà.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ, ẹ sọ ti ọkọ̀ ojú omi Dorchester. Òru ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1943 ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì yìnbọn lù ú nítòsí Greenland. Èèyàn 902 ló wà nínú rẹ̀, 672 kú. Àlùfáà mẹ́rin wà níbẹ̀: George Fox tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, rábì Alexander Goode, John Washington ti Kátólíìkì, àti Clark Poling ti ìjọ Reformed. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà wọn fún àwọn tí kò ní, wọ́n so ọwọ́ kọ́ ara wọn, wọ́n rì. Gbogbo èèyàn mọ apá ìyẹn. Apá tí mo fẹ́ràn ni ti ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ náà, John Mahoney, tó fẹ́ padà lọ mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú òtútù. Goode bọ́ tirẹ̀ fún un, ó ní òun ní méjì. Ìgbà tí Mahoney ti wà nínú ọkọ̀ ìgbàlà ni ó tó yé e pé ẹni tó fẹ́ bá ọkọ̀ rì ò lè kó ìbọ̀wọ́ méjì dání. Ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ológun, tó wà ní Harvard nígbà yẹn, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti mọ ara wọn. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn: ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ jókòó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Èmi ò ní í fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà pé ẹnu ẹni kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré, mo sì ti rí i tí obìnrin kan tó wá ràn wá lọ́wọ́ fi orúkọ ọmọ ara rẹ̀ ṣe é kó lè dùn ún dénú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi sùn. Nítorí náà, ẹ máa fi èyí sí ètò yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àlùfáà tó pè yín kó tó di ọjọ́ náà. Orúkọ òyìnbó ni kí ẹ sọ ọmọ tó "kú" yẹn, orúkọ tí kò sí nínú ẹbí yín, tí kò sí nínú ìjọ yín. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má jẹ́ orúkọ yín. Kí wọ́n kọ orúkọ mìíràn sára káàdì fún yín. Ẹ má sọ pé "ọmọ mi kú" rárá: àwọn ló ń bọ̀ wá sọ fún yín, ẹkún àti ìdákẹ́jẹ́ ni tiyín. Bí ẹ bá ti parí, ẹ bọ́ káàdì yẹn, ẹ fọ ojú, ẹ jẹ nǹkan, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì fi orúkọ yín gan-an kí yín kí ẹ tó jókòó láti sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ má ṣe ju ìgbà mẹ́ta lọ ní Sátidé kan. Bí ẹ bá wá dé ilé, ẹ pe àwọn ọmọ yín lórí fóònù.

Bí ọkọ yín bá ṣì ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, ẹ sọ fún àlùfáà náà pé kó wá ẹlòmíràn ṣe ìyá. Ẹ̀yin ẹ jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ náà.